Igi kún ojú rédíò, ohùn ò já gaara: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹ má ṣe fi igi kéékèèké tó ń yọ lójú rédíò mọ bí ohùn yóò ṣe já gaara tó. Agbára ohunkóhun tó bá gba eríàlì wọlé ni igi yẹn ń wọ̀n, ariwo náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ dán an wò n'Ífẹ̀ lálẹ́ tí iná ò bá sí. Ẹ yí rédíò oníbátìrì sí AM, níbi tí ilé-iṣẹ́ kankan ò ti sọ̀rọ̀; igi kan lẹ máa rí, bóyá méjì. Bí iná bá dé, tí gúlóòbù LED tàn, tí gbogbo ilé ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, igi lè gòkè dé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, síbẹ̀ hùn-ùn-ùn nìkan lẹ máa gbọ́. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn á dùn pé rédíò ti mú un. Kò mú nǹkan kan. Ẹ yọ ṣájà lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ igi: èyí tẹ́ ẹ bá yọ tí igi fi já wálẹ̀ ló ń da rédíò láàmú. Ẹ gbé e jìnnà sí rédíò dáadáa.

Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lójú àwọn rédíò kan, bíi Tecsun PL-310ET. Ti dBµ ni agbára. Ti dB ni ìwọ̀n tí ohùn fi ga ju ariwo lọ. Èkejì yìí ni kẹ́ ẹ máa wò. dBµ 45 pẹ̀lú dB 2 á máa ha létí. 20 pẹ̀lú 20 á dùn ún gbọ́.

Lórí FM, òkè ló ń tan èèyàn jẹ n'Ífẹ̀. Igi lè kún fọ́fọ́ fún Great FM 94.5 ti OAU, kí "s" ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì máa ya. Ìgbì tó kọlu òkè ló padà wá bá èyí tó wá tààrà, tó sì pẹ́ jù ú lọ díẹ̀. Fífa eríàlì gùn sí i kò lè tún un ṣe. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 79 ti tó fún 94.5. Rédíò gan-an ni kẹ́ ẹ sún ní ìdajì mítà, kẹ́ ẹ tún gbọ́ ọ wò.

Lórí mítà S, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tó wà lójú àwọn rédíò kan (S1 dé S9), dB 6 ni ìpele kan. S9 ti shọ́ọ̀tìwéèfù jẹ́ máíkírófóòtì 50, ti VHF, níbi tí FM wà, jẹ́ 5. Ẹ má fi wọ́n wéra.

Ní ti àwòrán aláwọ̀ tí rédíò SDR (èyí tí kọ̀ǹpútà ń bá ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀) ń yà sórí kọ̀ǹpútà, àwọ̀ yẹ́lò kò sọ pé ilé-iṣẹ́ kan lágbára, torí ẹni tó ń lò ó ló ń yan ibi tí yẹ́lò ti bẹ̀rẹ̀. Bí gain (ìwọ̀n tí rédíò fi ń fún ìgbì lágbára) bá sì pọ̀ jù, ilé-iṣẹ́ èké á máa hù káàkiri. Ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀: ojúlówó á sọ̀ kalẹ̀ níwọ̀n tẹ́ ẹ dín, èké á já jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó pòórá.