Àwo Sóòlù Tó Ṣọ̀wọ́n: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ojúlówó, Ayédèrú àti Iye Tó Yẹ Kéèyàn San

Láti ìgbà tí mo ti ń kó àwo 45 ti orin sóòlù (àwo orin kékeré tó ń yí nígbà márùndínláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú kan) jọ níhìn-ín ní àríwá England, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn wa máa ń bi mí ṣáá. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe máa ń dáhùn wọn lójúkojú. Àwo tí mò ń sọ ni èyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ṣe láàárín 1960 sí 1970 ní Detroit, Chicago, Los Angeles àti Washington. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tà rárá nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ní Manchester, Wigan àti Stoke ló sọ wọ́n di ohun tí gbogbo ayé ń wá kiri, nítorí wọ́n fẹ́ràn láti máa jó sí i mọ́jú. Dave Godin, tó ní ilé ìtajà àwo ní London, ló kọ́kọ́ kọ Northern Soul (sóòlù àríwá), orúkọ tí wọ́n ń pe irú orin yìí, sínú ìwé ìròyìn ní 1970.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fi £180 ra àwo kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó tà á ní ojúlówó 1966 ni. Ojú àwo náà ń dán bíi tuntun, àmọ́ kí orin tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohun tó ń ta pá-pá lábẹ́ rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, kò lọ. Ṣé abẹ́rẹ́ mi ló ní wàhálà ni?

Ìdáhùn: Abẹ́rẹ́ yín kò ní wàhálà. Àwo tó ń dán, tó tún wá ń ta bí àgbàdo tí wọ́n ń yan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ara àwo mìíràn ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú kì í ní téèpù tí wọ́n fi gba orin náà sílẹ̀ ní sítúdíò. Àwo àtijọ́ kan ló máa gbé sórí ẹ̀rọ, á gba ohùn rẹ̀, á sì fi tẹ àwo tuntun. Gbogbo ibi tí àwo àtijọ́ yẹn ti họ ló bá orin wọlé. Ẹ lè fọ̀ ọ́ títí di ọ̀la, kò ní lọ, nítorí pé kò sí lójú àwo, inú orin ló wà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bá ẹni tó tà á fa wàhálà. Ẹ fi lébẹ̀lì, ìwé róbótó tó wà láàárín àwo, sílẹ̀ ná, torí ìwé lásán ni, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè tẹ irú rẹ̀. Ẹ wo àyè òfìfo tó wà láàárín ibi tí orin parí sí àti ibi tí lébẹ̀lì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró sábẹ́ gílóòbù, ẹ fi àwo náà dagun díẹ̀ kí iná lè sáré kọjá lójú rẹ̀, kí ẹ wá máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà àti àmì níbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwo ti ń sọ ilé tí wọ́n bí i sí.

Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ Monarch ní Los Angeles ló tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí àmì onígun mẹ́ta kékeré, nọ́ńbà kan á sì tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà yẹn ń lọ sókè bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, nítorí náà ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè fi mọ ìgbà tí wọ́n tẹ àwo náà. Bí ó bá jẹ́ ní New York ni wọ́n ti gé orin náà sójú àwo, ẹ lè rí orúkọ Bell Sound, sítúdíò kan níbẹ̀, tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù síbẹ̀. Ní ti Motown, ilé iṣẹ́ orin sóòlù tó wà ní Detroit, ọ̀pọ̀ àwo rẹ̀, ilé iṣẹ́ American Record Pressing ní Owosso, ìpínlẹ̀ Michigan, ló tẹ̀ wọ́n. Lẹ́tà ARP ni àmì tiwọn. Iná jó ilé iṣẹ́ náà ní 1972. Òǹtẹ̀ gidi máa ń dọ́gba, ó sì máa ń jinlẹ̀ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú ayédèrú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n kàn fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà náà, ó sì máa ń rí wúruwùru bí ìgbà tí ọmọdé fi ìṣó ha ara ògiri.

Mo ní láti kìlọ̀ níbí o. Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Detroit àti Chicago náà máa ń fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà sára ojúlówó tiwọn. Nítorí náà, ọwọ́ kíkọ nìkan kò tó láti dájọ́. Ohun tó ń dájọ́ ni kí ẹ fi tiyín wé ojúlówó tí gbogbo èèyàn gbà. Ẹ lọ sórí ìkànnì 45cat tàbí Discogs, ẹ wá àwòrán àwo kan náà, kí ẹ ka àmì inú àyè òfìfo náà lẹ́tà sí lẹ́tà.

Mo mọ bó ṣe ń dunni. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ra àwo kan £90 níbi ọjà àwo ọjọ́ Sunday. Inú mi dùn débi pé mi ò wo ohunkóhun ju orúkọ olórin lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ mi kan gbé tirẹ̀ jáde, a sì tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Lébẹ̀lì tirẹ̀ pọ́n dáadáa bí epo tuntun. Tèmi dà bí ọbẹ̀ tí omi ti pọ̀ jù. Etí lẹ́tà tirẹ̀ mú ṣáṣá. Tèmi ti fẹjú, nítorí àwòrán lébẹ̀lì ni wọ́n yà kí wọ́n tó tún un tẹ̀. Tirẹ̀ ní àmì onígun mẹ́ta. Tèmi kò ní nǹkan kan ju nọ́ńbà tí wọ́n ha sí i. Láti ọjọ́ náà, n kì í sanwó kí n tó wo àyè òfìfo.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ayédèrú ni, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó tà á pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, ẹ fi àwòrán méjèèjì síbẹ̀, ẹ ní kó dá owó yín padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé ayédèrú ni wọ́n ń tà. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má san owó lọ́nà tí kò ní jẹ́ kí ẹ lè gbà á padà. Bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí bá ní kí ẹ fi PayPal ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, ẹ kọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ayédèrú fi pọ̀ tó báyìí nínú orin tí kò tà?

Ìdáhùn: Torí pé kò tà náà ni: ojúlówó rẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó ń wá a ló pọ̀. Frank Wilson kọ “Do I Love You (Indeed I Do)” ní 1965 fún Soul, ọ̀kan lára orúkọ tí Motown fi ń gbé àwo jáde. Wọ́n fagi lé e, wọ́n sì ba èyí tó pọ̀ jù nínú àwo náà jẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ péré ló kù. Nígbà tó dé England láàárín 1970 sí 1979, Simon Soussan, ẹnì kan tó ń ta àwo, tẹ ayédèrú rẹ̀, ó sì kọ Eddie Foster sí i bí orúkọ olórin. Àwọn èèyàn jó sí i fún ìgbà pípẹ́ láìmọ ẹni tó ń kọrin gan-an. Ní 1979, Tamla Motown tẹ̀ ẹ́ jáde ní Britain lọ́nà ẹ̀tọ́. Ojúlówó 1965 kan lọ ní £25,742 ní 2009. Ní 2020, wọ́n tà á ní £100,000. Bí ẹ bá fẹ́ràn orin náà, ẹ ra ti 1979. Ohùn rẹ̀ dára, owó rẹ̀ kò le, ẹ kò sì ja ẹnikẹ́ni lólè.

Ìbéèrè: Àwo mi dára lọ́jọ́ tó dé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí olórin bá ti kígbe sókè báyìí, ohùn rẹ̀ á máa ya. Kí ni mo ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé styrene, irú ike kan, ni wọ́n fi ṣe é. Kì í ṣe gbogbo àwo 45 ni wọ́n fi vinyl, ike tó rọ̀ jù ú lọ, ṣe. Monarch àti Columbia máa ń lo styrene, tó le ṣùgbọ́n tí kò lágbára. Ẹ fi ìka kan gbé àwo náà níhò àárín, kí ẹ fi èékánná lu etí rẹ̀ díẹ̀. Bó bá dún kó-kó bí àwo ìjẹun oníke, styrene ni. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, vinyl ni. Lára styrene, wọ́n máa ń fi gọ́ọ̀mù lẹ lébẹ̀lì mọ́ ọn lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ àwo tán, ìdí nìyẹn tí ti àwọn mìíràn fi máa ń ṣí.

Abẹ́rẹ́ tó ti jẹ, tàbí tó wúwo jù, máa ń bu ojú styrene jẹ kíákíá, kò sì sí oògùn rẹ̀ mọ́. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ náà lónìí. Ẹ lo èyí tí orí rẹ̀ rí rọ́gbọ́dọ́, kí ẹ sì fi ìwúwo rẹ̀ sí ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ. Bí ẹ̀rọ yín bá ní bọ́tìnì mono (ohùn kan náà lẹ́tí méjèèjì), ẹ tẹ̀ ẹ́: mono ni ọ̀pọ̀ àwọn orin wọ̀nyí, ariwo á sì dínkù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ yí styrene sẹ́yìn lábẹ́ abẹ́rẹ́ láé. Àwọn DJ rédíò ayé àtijọ́ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti wá ibi tí orin ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó sì fà á nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwo rédíò fi máa ń dún ṣíí-ṣíí ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Láti sọ bí àwo tó ń tà ṣe dára tó, ẹni kan ní Amẹ́ríkà kọ VG+ (Very Good Plus), ẹni kan níbí kọ EX (Excellent). Èwo ló dára jù?

Ìdáhùn: Ìkan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, olúkúlùkù ń lo òṣùwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni bóyá ó gbọ́ àwo náà, àbí ojú lásán ló fi wò ó. Styrene tó ti jẹ lè máa dán bíi dígí. Orúkọ tí wọ́n fi bírò kọ sára lébẹ̀lì, tàbí ihò kékeré tí wọ́n lu sí i nígbà tí wọ́n ń tà á ní gbàǹjo, kì í pa ohùn lára, ṣùgbọ́n ó ń dín owó kù. Bó bá jẹ́ torí ijó lẹ ṣe ń rà á, irú èyí ni kí ẹ máa wá.

Ìbéèrè: Mo gbọ́ orin kan níbi ijó òru. DJ sọ orúkọ olórin fún mi, àmọ́ mo wá a títí, mi ò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti pẹ́ tí àwọn DJ ti máa ń lẹ ìwé bo lébẹ̀lì, tí wọ́n á sì fún orin lórúkọ mìíràn kí DJ ẹlẹgbẹ́ wọn má bàa rí i rà. Bí ẹ bá rántí ọ̀rọ̀ inú ègbè rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó sùn, kí ẹ fi wá a. Kí ẹ sì wá a ní ojú kejì àwo pẹ̀lú. “Tainted Love” tí Gloria Jones fi ohùn rẹ̀ kọ, tó jáde ní 1965, ojú kejì àwo tí ilé iṣẹ́ Champion gbé jáde ni wọ́n fi í sí. Àwo náà kò tà. Kó tó di pé ẹgbẹ́ olórin Soft Cell sọ orin náà di ìlúmọ̀ọ́ká ní 1981, àwọn tó ń jó sí i ní àríwá England ti mọ̀ ọ́n lórí. Ẹni tó ń ta àwo lè kọ orúkọ ojú kìíní nìkan, kí ẹ wá kọjá lára ohun tí ẹ ń wá láìmọ̀.

Ìbéèrè: Èmi àbúrò yín fẹ́ fi àwo méjì pààrọ̀ ọ̀kan pẹ̀lú ẹnì kan ní Detroit. Báwo ni ká ṣe é tí ìjà kò fi ní ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má fi iye tí ẹnì kan kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe òṣùwọ̀n, iye tí wọ́n ti tà á gan-an ni kí ẹ wò, kó sì ju títà ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kí olúkúlùkù gba ohùn àwo tirẹ̀ sórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó fi ránṣẹ́, pẹ̀lú àwòrán àyè òfìfo. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi àwo náà sáàárín páálí líle méjì tó fẹ̀ jù ú lọ, kí ẹ fi téèpù dè é kó má baà máa yọ̀ kiri. Styrene kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń fọ́.

Bó bá jẹ́ pé ẹ rà á láti Amẹ́ríkà ni, tí ẹ sì ń gbé ní Britain, ẹ fi owó orí VAT 20% kún ìṣirò yín. Lórí ọjà tí kò ju £135 lọ, ibi tí ẹ ti rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa gbà á. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó gbé ẹrù wá ló máa gbà á lẹ́nu ọ̀nà, á sì fi owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Bàbá mi tó dolóògbé fi páálí àwo 45 kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹnì kan ti ní kí n kó gbogbo rẹ̀ fún òun ní ₦50,000. Kí n gbà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbà. Orin sóòlù wọ ilẹ̀ wa dáadáa nígbà náà. Orlando Julius àti ẹgbẹ́ Modern Aces rẹ̀ ń dà á pọ̀ mọ́ háíláìfù ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ Philips gbé àwo Super Afro Soul rẹ̀ jáde ní 1966, James Brown fúnra rẹ̀ sì wá sí Nàìjíríà ní 1970. Àwọn olùkó àwo ní Europe àti Amẹ́ríkà ń wá irú àwo bẹ́ẹ̀ lójú méjèèjì. Ẹ kó wọn kúrò níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ẹ tò wọ́n lóòró, ẹ má tò wọ́n léra. Ẹ má fi kẹrosíìnì nù wọ́n. Ẹ ya àwòrán lébẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, lójú méjèèjì, kí ẹ wá mú àwọn àwòrán náà wá bá mi. Màá bá yín kà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ tó dá ọkùnrin yẹn lóhùn.