Bí Mo Ṣe Ń Dá Wọn Lóhùn Nídìí Léèsì

Léèsì ni mò ń tà ní Balógun. Pásítọ̀ kan ló ni ṣọ́ọ̀bù ọwọ́ ọ̀tún mi, Onítẹ̀bọmi ni Ìyá Dámi tó wà lọ́wọ́ òsì, èmi Àgùdà wà láàárín wọn bí ẹran inú búrẹ́dì. Tí ọjà bá ti tutù lọ́sàn-án báyìí, Pásítọ̀ á fa àga ẹ̀ jáde, á ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ ère yìí…" Ọdún kọkànlá rèé. Àwọn ọmọ ìjọ wa tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ń ṣe é tí kì í dìjà. Ohun tí mo sọ fún wọn nìyí.

Ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó wá jiyàn kì í mú ẹyọ kan wá. Ère, Màríà, Póòpù, pọ́gátórì (ibi ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn ikú), Fádà tí kì í fẹ́yàwó, á tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá tú bẹ́ẹ̀lì. O ò tíì dáhùn ti àkọ́kọ́ tán, ó ti bọ́ sórí ìkẹta. Oníbàárà tó bá ní kí n gbé léèsì mẹ́wàá sílẹ̀, mo máa ń bi í pé, "Èwo la máa gé?" Ohun tí mò ń bi Pásítọ̀ náà nìyẹn. Tó bá mú ọ̀kan, a ò ní kúrò níbẹ̀ títí a ó fi parí ẹ̀.

Bíbélì tiẹ̀ ni kó o ṣí. Má gbé katikísìmù, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wa, síwájú ẹni tí kò gbà á. Lórí ère, òun á ka Ẹ́kísódù 20. Jẹ́ kó kà á dópin, lẹ́yìn náà ní kó ṣí orí 25, níbi tí Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ti ní kí Mósè fi wúrà ṣe kérúbù méjì sórí àpótí ẹ̀rí. Kó tún ṣí Númérì 21, ejò idẹ. Tó bá gbọ́n (Pásítọ̀ gbọ́n), á ní Hesekáyà fọ́ ejò yẹn ní 2 Ọba 18. Òótọ́ ni. Kí ló dé tó fi fọ́ ọ? Torí pé wọ́n ti ń sun tùràrí sí i. Bíbọ ni ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe ṣíṣe.

Ibi tí àṣà wa ti wúlò nìyí. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Pásítọ̀, ìyàwó yín kúnlẹ̀ kí Màmá yín láàárọ̀ yìí, ṣé wọ́n ń bọ Màmá ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà láti kékeré mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ ju oríṣi kan lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni pé kéèyàn ní kí Màríà bá òun bẹ Ọmọ ẹ̀: ta ni ò tíì rán ìyá sí bàbá rí nílé wa?

Ti àwọn arákùnrin Jésù, tí wọ́n fi ń sọ pé Màríà bí ọmọ míì, Yorùbá tún ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n rọra. Ọmọ àbúrò bàbá mi, "àbúrò mi" ni mò ń pè é, kò sẹ́ni tó máa ní mo purọ́. Jẹ́nẹ́sísì 13 náà ní ará ni Ábúrámù àti Lọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀ ọmọ arákùnrin Ábúrámù ni Lọ́ọ̀tì. Máàkù 6 dárúkọ Jákọ́bù àti Jósè láàárín àwọn arákùnrin Jésù. Tó o bá dé Máàkù 15:40, wàá rí Màríà mìíràn tó jẹ́ ìyá Jákọ́bù kékeré àti Jósè. Mo rò pé mo ti borí níbẹ̀ títí ọmọ Pásítọ̀ tó wà ní yunifásítì fi sọ pé èdè Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù lò fún ìbátan bẹ́ẹ̀ ní Kólósè 4:10, kí ló dé tí Máàkù ò lò ó? Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ mẹ́ta, mo lọ bi Fádà. Wọ́n ní ìtúmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé sí Gíríìkì pàápàá fi "arákùnrin" pe Lọ́ọ̀tì, torí bí àwọn Hébérù ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ohun tí mo jíṣẹ́ fún ọmọ náà nìyẹn. Mi ò sọ pé ó parí ọ̀rọ̀. Ohun tó fi hàn ni pé ẹsẹ yẹn ò tó láti fi pe Àgùdà ní òpùrọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé méje tó wà nínú Bíbélì wa tí kò sí nínú tiwọn ló dójú tì mí jù, nítorí náà mo fẹ́ kó o fetí sí i. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, mo pariwo pé, "Luther ló yọ Tóbítì, Júdítì, Ọgbọ́n, Síráákì, Bárúùkù àti Mákábéésì méjèèjì kúrò nínú Bíbélì!" Ọmọ kan náà gbé fóònù jáde. Bíbélì tí Luther, Fádà ará Jámánì tó yapa kúrò nínú ìjọ wa, ṣe ní 1534 ní àwọn ìwé yẹn nínú, ó kó wọn sí ọ̀tọ̀ ni, ó ní wọn ò bá Ìwé Mímọ́ yòókù dọ́gba. Bíbélì Ọba Jémíìsì ti 1611 náà tẹ̀ wọ́n. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín, mo di léèsì mi padà sínú ọ̀rá. Mi ò sọ ọ́ mọ́. Ohun tí mò ń sọ nísinsìnyí ni pé ní 1826, Ẹgbẹ́ Bíbélì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pinnu pé owó àwọn ò ní tẹ Bíbélì tó ní ìwé wọ̀nyẹn nínú, ẹgbẹ́ yẹn náà ló sì tẹ Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ṣiṣẹ́ lé lórí. Torí náà, ọwọ́ àwọn babańlá Pásítọ̀ ò tẹ Mákábéésì rí láti lè yàn án tàbí kọ̀ ọ́. Ìpàdé ìjọ ní Kátéèjì, ní Àríwá Áfíríkà, ti ka àwọn ìwé yẹn mọ́ Ìwé Mímọ́ ní 397. Ìyẹn máa ń jẹ́ kó dákẹ́ díẹ̀.

Constantine, ọba Róòmù, ńkọ́? Wọ́n á ní òun ló dá ìjọ wa sílẹ̀. Ní 313 ó gba àwọn Kristẹni láyè láti máa sìn ní gbangba, Theodosius, ọba tó jẹ lẹ́yìn ẹ̀, ló sọ ọ́ di ẹ̀sìn ìjọba ní 380. Ignatius, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, tí wọ́n ń mú lọ sí Róòmù láti fi í fún ẹranko jẹ, ti kọ "ìjọ Kátólíìkì" sínú lẹ́tà ẹ̀ sí àwọn ará Símínà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì. Nínú lẹ́tà yẹn kan náà ló ti bá àwọn tí kò gbà pé Ara Jésù ni oúnjẹ mímọ́ wí. Ka Jòhánù 6 pẹ̀lú ẹ̀.

"Ìjọ òyìnbó ni tiyín." Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Kí Fádà kankan tó fi Èkó ṣe ibùgbé ní 1868, àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà ti ń kóra jọ gbàdúrà, bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio ló ń ṣíwájú wọn. Nígbà tí Fádà Borghero wá síbí ní 1863, ó bá wọn lẹ́nu ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá mú ọ̀rọ̀ ẹrú wá, má jiyàn. Bàbá ńlá mi tó ti Bàhíà ní Brazil dé kò wọkọ̀ lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Póòpù Nicholas Karùn-ún fún ọba Pọtogí láyè ní 1452 láti kó àwọn abọ̀rìṣà àti mùsùlùmí lẹ́rú. Paul Kẹta sọ ní 1537 pé kí wọ́n má sọ àwọn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà di ẹrú. Gregory Kẹrìndínlógún dẹ́bi fún òwò yẹn ní 1839. Ó pẹ́ jù, mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún Pásítọ̀ kó tó sọ ọ́ fún mi. Ìwé àforíjì títà nígbà ayé Luther náà, ẹ̀ṣẹ̀ wa ni.

Ìgbà míì wà tí èsì wà lẹ́nu tí kò yẹ kó jáde. Màmá Pásítọ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi wá wo aṣọ ìsìnkú, ojú ẹ̀ wú. Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù." Ó ní, "Ẹ ṣé, Ìyá Bọ́lá. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Ọkùnrin tó ti fi ọdún mẹ́wàá sọ fún mi pé a kì í gbàdúrà fún òkú. 2 Mákábéésì 12, níbi tí wọ́n ti gbàdúrà fún òkú, wà lẹ́nu mi, ó gbóná.

Mo ní kí wọ́n gbé funfun olówùú yẹn wálẹ̀. Mo wọn yáàdì márùn-ún fún un, mo fi ìdajì lé e lórí.