Bí ẹni tí kò ríran ṣe lè fọwọ́ ara rẹ̀ ta Lúdò

Glaucoma ló gba ojú Bọ̀dá mi. Kó tó dìgbà náà, wọn kì í fi Lúdò ṣeré rárá; gbogbo àdúgbò wa n'Íbàdàn ló mọ̀ wọ́n mọ́ ọn. Nígbà tójú lọ tán, àwa la ń bá wọn ju dáìsì, àwa la ń bá wọn sún síìdì, a ó wá ní, "Bọ̀dá, ẹ ti jẹ o." Lọ́jọ́ kan wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Wọ́n ní ayò tọ́wọ́ àwọn ò bá tẹ̀, tiwa ni, kì í ṣe tàwọn. Ó dùn mí wọra.

Òwú tó nípọn ni kí ẹ fi tẹ̀ lé gbogbo ìlà ojú pákó. Ẹ fi gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò lẹ̀ ẹ́, kó sùn mọ́jú. Àbẹ́là ni mo kọ́kọ́ yọ́ sí i. Nígbà tóòrùn pa á, gbogbo ẹ̀ ló ṣí kúrò.

Síìdì ló níṣẹ́ nínú jù. Bí èèyàn bá ń fọwọ́ wá ọ̀nà lójú pákó, gbogbo wọn ló máa kúrò nípò. Káfíńtà ló bá mi fi dírílì lu ihò sí àárín ojúlé kọ̀ọ̀kan: 52 yíká, àti márùn-ún fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà ilé. Ó kan ìṣó kékeré sídìí síìdì, ó sì gé orí ìṣó náà. Ni wọ́n bá dúró digbí. Ti pupa ò ní àmì kankan, búlúù ní rọ́bà lọ́rùn, a fi ayùn la orí yẹ́lò, a sì lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ orí gríìnì.

Àmì ojú dáìsì tọjà jinnú, ìka kì í tètè dá a mọ̀. Ẹ kán kútẹ́ẹ̀sì sórí àmì kọ̀ọ̀kan, kó gbẹ, kí ẹ tún un kán, títí tó fi máa wú. Inú ọpọ́n pẹrẹsẹ ni kí ẹni tí kò ríran máa jù ú sí. Àtàǹpàkò ló máa fi yẹ òkè rẹ̀ wò láì gbé e. Bọ́wọ́ bá ń gbọ̀n, kó sọ fún Google lórí fóònù pé "Roll two dice". Á pe iye rẹ̀ síta.

A gbìyànjú Lúdò orí fóònù náà. TalkBack tó máa ń ka ojú fóònù sókè ò rí nǹkan kan kà nínú èyí tá a gbé síbẹ̀, a bá pa á tì.

Kí oníkálukú máa kéde: "Búlúù, mẹ́rin, mo pa pupa." Ẹni tó bá dákẹ́ sún, kó dá a padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ kan síìdì ẹni tí kò ríran, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Lálẹ́ Sátidé tó kọjá, Bọ̀dá fọwọ́ wo pákó títí, wọ́n pa síìdì mi méjì léra, wọ́n fà á yọ, wọ́n sì kó o lé mi lọ́wọ́.