Bí Mo Ṣe Fi Plywood Kan Pákó Ìgbì ní Àgbádárìgì

Ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì àti àga ilé ìwé ni mo fi ń jẹun ní Àgbádárìgì. Káfíńtà ni mí, n kì í ṣe ọmọ omi. Àmọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Tarkwa Bay, etíkun kan ní Èkó níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gun ìgbì òkun, òun ló gbé pákó kan tó ti kán sí méjì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn àlejò láti òkè òkun ló fi í ta wọ́n lọ́rẹ kí wọ́n tó padà sílé. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ pọ̀."

Mo yẹ inú rẹ̀ wò. Fómù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, ló wà nínú rẹ̀, aṣọ fáíbà àti resin, oje kẹ́míkà tó máa ń le gbagidi bó bá gan, ni wọ́n fi bò ó lókè. Aládùúgbò mi kan máa ń fi fáíbà tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Mo bu resin díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kán an sórí ègé fómù náà. Kò pẹ́ tí fómù bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, tó ń rọ̀ wọlé lábẹ́ resin, títí ó fi di ihò tí àtàǹpàkò mi wọ̀ dáadáa. Resin polyester, tó kún ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ wa, ló máa ń jẹ irú fómù yẹn. Epoxy, resin irú mìíràn, kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Èmi ò bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tó ta ọmọ ẹlòmíì lọ́rẹ o, ọpẹ́ ni mo dá. Àmọ́ ọjọ́ tí pákó bá kán, olóore ti lọ, ohun tí a ó fi tún un ṣe kò sì sí nítòsí. Mo sọ fún ọmọ náà pé màá kan tuntun fún un, igi ni màá sì lò.

Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dúró lé. Èyí tí ọmọdé ń fi àyà àti ikùn sùn lé ni mo yàn, torí kò nílò fómù, kò nílò fáíbà, kódà kò nílò àbẹ́là tí wọ́n ń fi pa ojú pákó kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Àwọn ará Hawaii ń pè é ní paipo. Kì í sì í ṣe àjèjì létí òkun tiwa yìí: láàárín ọdún 1830 sí 1839, James Alexander, sójà ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, dé Accra, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọkùnrin ń wẹ̀ wọ òkun pẹ̀lú pákó fúyẹ́fúyẹ́ lábẹ́ ikùn, wọ́n ń dúró de ìgbì, ìgbì sì ń gbé wọn bọ̀. Mi ò rò pé ọkọ̀ òkun ló kó pákó wá fún wọn.

Ní ọjà pákó, tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ plywood tí omi ò ní bà jẹ́, marine board ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín, èyí aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n fi ń ṣe dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mi ò gbà á. Ara rẹ̀ ń dán, gọ́ọ̀mù kì í fẹ́ mú un, ó sì wúwo fún ọmọdé. Plywood oní-kọ́tà íǹṣì ni mò ń wá. Mo bẹ àwọn tó ń tà á kí wọ́n gé etí díẹ̀díẹ̀ fún mi lára ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn délé, mo kó wọn sínú ìkòkò, mo sì sè wọ́n bí ẹni ń se ẹ̀wà. Ìyàwó mi ṣí ìdérí, ó wò ó, ó tún dé e padà, kò bá mi sọ̀rọ̀. Èyí tí ìpele rẹ̀ ń ṣí kúrò lára ara wọn, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ṣe é kì í ṣe ti omi nìyẹn. Ẹyọ kan ló dúró gbọin títí iná fi kú. Òun ni mo padà lọ rà.

Mo gé méjì, gígùn ẹsẹ̀ bàtà 4, fífẹ̀ íǹṣì 18. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni orí rẹ̀. Orí pákó gbọ́dọ̀ tẹ̀ sókè. Tó bá tẹ́jú, á kì sínú omi, á sì ta ọmọ nù. Plywood oní-hááfù íǹṣì kò ní tẹ̀, dídá ló máa dá. Ṣùgbọ́n tí a bá tẹ oní-kọ́tà méjì pọ̀ nígbà tí gọ́ọ̀mù àárín wọn ṣì tutù, bí a bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ni yóò ṣe gbẹ. Mo fi àjákù igi kan òkè kékeré sórí tábìlì ní apá ibi tí orí máa sùn lé, mo sì jẹ́ kó ga ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, torí igi máa ń fẹ́ nà padà díẹ̀ bí a bá tú u sílẹ̀. Mo tẹ́ ọ̀rá lé e kí gọ́ọ̀mù má baà lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì.

Gọ́ọ̀mù funfun tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀dì kò lè gba omi òkun, epoxy yẹn náà ni mo padà rà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tí igi nílò. Kì í fẹ́ kí wọ́n kó òun jọ sójú kan. Bí ẹ bá pò ó tán tí ẹ fi í sílẹ̀ nínú ife, á gbóná fúnra rẹ̀, á sì gan mọ́ ife náà, àgàgà nínú ooru tiwa. Àárọ̀ kùtù ni mo pò ó, nínú abọ́ pẹrẹsẹ, mo fi ègé páálí tẹ́ ẹ ká ojú igi kíá. Ọmọṣẹ́ mi ń di kiláǹpù ní orí, èmi ń to bulọ́ọ̀kù oníǹṣì 6 sẹ́yìn. Nígbà tí mo rí i tí gọ́ọ̀mù ń yọ létí yíká, ọkàn mi balẹ̀ pé ó kárí.

Ìyókù, iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni: ayùn, fáìlì, sánpépà, fáníṣì. Etí nìkan ni mo kẹ́, torí ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọnú plywood. Mo fi epoxy pa á léraléra kí fáníṣì tó kan án.

Ọ̀sà ló dojú kọ ìlú wa, òkun wà lódìkejì. A wọ ọkọ̀ sọdá sí Gbẹrẹfu, a rìn la yanrìn kọjá. Bàbá apẹja kan, ọmọ Ègùn, ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe, ó bi wá léèrè ibi tí a fẹ́ wọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ síbì kan tí omi ti dákẹ́ láàárín ìgbì méjì, ó fẹ́ dán mi wò bóyá màá gbà. Bàbá mi orí. Ó ní ibi tí ìgbì ò ti fọ́ yẹn ni omi ti ń padà sínú òkun, òun ló ń gbé èèyàn lọ. Ẹni tó bá kó sí i, kó má bá a jà, kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́. Ó tún ní omi ibẹ̀ máa ń wọ́ni lọ sí ọ̀nà Èkó láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. A ri igi mọ́lẹ̀, a so ṣẹ́ẹ̀tì pupa kọ́ ọ, kí ọmọ máa fi mọ ibi tó wà.

Kò kọjá ibi tí omi ti mu ún dé ìbàdí. Ìfófó kan dé, ó fi àyà lé pákó, orí pákó gbé sókè bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ó bá a dé orí yanrìn gbígbẹ. Ó ní àwọn tó ń gun ìgbì ní Ireland máa ń wọ aṣọ rọ́bà láti orí dé ẹsẹ̀ nítorí òtútù. Ṣòkòtò péńpé ló wà nídìí tirẹ̀.

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ló rò fún mi: pákó sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fẹ́ ihò tí okùn máa gbà. Ihò lásán á jẹ́ kí omi wọlé. Ńṣe la máa lu ú tóbi, a ó fi epoxy dí i, tó bá gbẹ a ó tún lu kékeré sí àárín rẹ̀. Ó ní kí n bá òun ṣe mélòó kan sí i fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní Tarkwa Bay. Mo ní kó mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ jù nínú wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi wá kọ́ ọ, torí èmi ò ní máa wọkọ̀ lọ sí Tarkwa Bay nítorí ihò okùn.