Bí Mo Ṣe Wádìí Àwo Jáàsì 46

Páálí méjì ni ẹ̀gbọ́n gbé fún mi, àwo jáàsì 46 ló sì wà nínú wọn. Àyè ti tán nílé wọn, wọn ò fẹ́ kó wọn fún ẹni tí kò ní tọ́jú wọn. "Má kàn máa gbọ́ wọn o," ni wọ́n wí fún mi. "Wádìí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà. Màá wádìí wọn." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é, èrò tí mo sì ní nípa àwo àtúntẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni mo ní mọ́ nígbà tí mo parí.

Àkọ́tẹ̀ ni mo ń pe àwo tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ nígbà tí orin náà kọ́kọ́ jáde. Gbogbo èyí tí wọ́n bá tẹ̀ lẹ́yìn náà, ì báà jẹ́ lẹ́yìn ọdún márùn-ún tàbí ọgọ́ta ọdún, àtúntẹ̀ ni. Mo wà lára àwọn tó gbà pé àkọ́tẹ̀ nìkan ni ojúlówó, pé ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a ló ń ra àtúntẹ̀. Torí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá nígbà tí mo ṣí páálí wọ̀nyẹn: mélòó nínú wọn ni àkọ́tẹ̀?

Mo kọ́kọ́ fọ̀ wọ́n. Eruku tó bá wà lójú ipa abẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kí etí mọ ohun tó ń gbọ́ gan-an. Omi distilled, ẹ̀kán ọṣẹ olómi méjì àti aṣọ rírọ̀ ni mo lò, bí abẹ́rẹ́ ṣe ń yí lọ ni mo sì ń nù ún, n kò nù ún láti àárín wá sí etí. Àwo kẹta ni mo bà jẹ́. Omi ṣàn dé orí bébà àárín, àwọ̀ búlúù tó wà lára rẹ̀ sì ràn. Ó dùn mí wọra, torí bébà yẹn wà lára ẹ̀rí ọjọ́ orí àwo. Láti orí ẹ̀kẹrin ni mo ti wá ọmọrí ike kan tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú bébà náà, òun ni mo fi ń bò ó kí omi tó kan àwo. Kò tún sí èyí tó ràn mọ́. Mo kó gbogbo wọn sínú àpò tuntun, mo sì tò wọ́n ní ìnàró, torí àwo tó bá pẹ́ ní ìdùbúlẹ̀ lábẹ́ ẹrù máa ń tẹ̀.

Alẹ́ ni mo máa ń ṣe ìwádìí gan-an. Màá pa iná yàrá, màá tan tọ́ọ̀ṣì, màá sì gbé àwo sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára rẹ̀. Ibì kan wà láàárín ibi tí orin parí sí àti ibi tí bébà àárín ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń dán, kò sí orin níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwọn tó ṣe àwo máa ń fi àmì wọn sí.

Moanin' ti Art Blakey, onílù jáàsì, ni mo kọ́kọ́ mú; ilé-iṣẹ́ Blue Note ló gbé e jáde, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 4003. Rudy Van Gelder ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 1958, nínú pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack, New Jersey, níbi tó ti sọ pálọ̀ di ibi ìgbohùnsílẹ̀. Àdírẹ́sì 47 West 63rd, New York, wà lórí bébà àárín, kòtò róbótó kan sì yí inú bébà náà ká. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wá ibi dídán. Mo rí nọ́ńbà àwo. Mo rí RVG, ìkékúrú orúkọ Rudy Van Gelder, ó rí bí ìgbà tí wọ́n fi irin lù ú. Mo yí àwo díẹ̀ sí i, àmì kékeré kan sì yọ tó jọ etí èèyàn. Lẹ́tà P ni lóòótọ́, àmì Plastylite, ilé-iṣẹ́ tó ń bá Blue Note tẹ àwo nígbà náà, ṣùgbọ́n etí ni gbogbo olùkó-àwo-jọ mọ̀ ọ́n sí. Mo fi èékánná gbá a, ó gbá èékánná padà. Inú mi dùn bí ọmọdé.

Èkejì ló dà mí rú. Blue Note náà ni, VAN GELDER hàn gbangba níbi dídán rẹ̀, bébà àárín sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń lò ṣáájú 1966. Ṣùgbọ́n kò sí etí. Mo yí i títí, kò sí. Ìtàn ilé-iṣẹ́ náà ló tú u fún mi: Alfred Lion, ọ̀kan lára àwọn tó dá Blue Note sílẹ̀, tà á fún ilé-iṣẹ́ Liberty ní 1965, kò sì pẹ́ tí Plastylite fi kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Àwọn tuntun ń lo irin ìtẹ̀wo tí wọ́n ti mú lára àwo tí Van Gelder gé, wọ́n sì ń lo bébà àárín tó ṣẹ́kù tán kí wọ́n tó tẹ tuntun. Bébà àtijọ́ lórí àwo tó dé lẹ́yìn. Mo wá kọ́ láti máa bi ibi dídán léèrè kí n tó gba ohun tí bébà bá sọ.

Àmọ́ nígbà tí mo gbé e sórí ẹ̀rọ, kò sí ohun tó kù nínú orin rẹ̀. Fèrè mú, báàsì dúró ṣinṣin, ìró síńbà sì ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ tí a bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àwo. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ gé orin láti inú téèpù sára àwo irin kan tí wọ́n fi lákà rírọ̀ kùn. Wọ́n á fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, wọ́n á fi níkẹ́ẹ̀lì lé e, irin tí wọ́n bá sì ṣí kúrò lára rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní bàbá. Lára bàbá ni wọ́n ti ń mú ìyá, lára ìyá ni wọ́n ti ń mú òǹtẹ̀ tó máa tẹ ike. Òǹtẹ̀ máa ń gbó, wọ́n á sì padà lọ mú òmíràn lára ìyá. Nítorí náà, àwo tí wọ́n tẹ̀ ní 1967 lè jẹ́ ọmọ ìyá pẹ̀lú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1963. Ibi tí ọkàn mi ti kọ́kọ́ yẹ̀ nìyẹn.

Kind of Blue ti Miles Davis ló wá yí mi lọ́kàn padà pátápátá. Ẹ̀dà méjì ló wà nínú páálí: ọ̀kan ti ilé-iṣẹ́ Columbia àtijọ́ tó ní àmì mẹ́fà tó jọ ojú lára bébà àárín, ìkejì jẹ́ àtúntẹ̀ tó jáde lẹ́yìn 1992. Mo máa ń tẹ kíbọ́ọ̀dù díẹ̀, mo sì fẹ́ bá "So What" lọ. D ni orin náà dúró lé. Mo tẹ D, kò bá a mu. Àwo náà ga jù mí lọ díẹ̀, kò tó ìdajì àlàfo tó wà láàárín kọ́kọ́rọ́ funfun àti dúdú tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó tó láti bu etí jẹ. Mo rò pé ẹ̀rọ mi ló ń sáré. Mo yí àwo sí ojú kejì, mo bá "All Blues" lọ, ó bá mi mu rẹ́gí. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ mi ni, ojú méjèèjì ni ì bá ṣì. Mo gbé àtúntẹ̀ lé e. Ojú kìíní bá kíbọ́ọ̀dù mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé orin mẹ́ta tó wà lójú kìíní ni wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 1959, ti ojú kejì sì jẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀rọ téèpù ń falẹ̀. Téèpù tí ẹ̀rọ tó ń falẹ̀ bá gbà, ṣe ló máa yá ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí ẹ̀rọ tó péye bá ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ kejì wà níbẹ̀ tó ń gba tirẹ̀ sílẹ̀ bóyá nǹkan á ṣẹlẹ̀, tòun sì péye. Ní 1992 ni wọ́n tó lọ mú téèpù kejì yẹn jáde láti fi ṣe àtúntẹ̀. Ọdún 33 ni orin náà fi ń ṣì lọ́wọ́ gbogbo ayé. Àkọ́tẹ̀ tí èèyàn ń fi ọ̀pọ̀ owó wá kiri, àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Àtúntẹ̀ ló sọ ohun tí Miles fọn lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ yẹn ni mo fa ìlà tuntun sínú ìwé tí mo ń kọ àwo wọ̀nyí sí. Mo kọ sókè rẹ̀: níbo ni wọ́n ti mú un? Mo tún àwọn tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ló mú kí n dá èyí tó burú jù mọ̀. Àwo kan wà níbẹ̀ tó ṣì ń rùn fún tuntun, ike rẹ̀ wúwo tó 180 gíráàmù, páálí rẹ̀ ń dán bíi dígí. Orin rẹ̀ kú. Gbogbo ìró síńbà ni ó ń gé lójijì, bí ẹni pé ẹnì kan fi ọwọ́ dì í mú. Mo wá CD orin náà, mo fetí sí i: níbi kan náà ni báàsì ti já, bó ṣe já lórí àwo gẹ́lẹ́. CD ni wọ́n dà sórí ike. Òfin fàyè gba irú èyí ní Yúróòpù: ààbò ìgbohùnsílẹ̀ tó jáde ṣáájú 1963 ti tán níbẹ̀ lẹ́yìn 50 ọdún, nígbà tí wọ́n sì sọ ọ́ di 70 ọdún, òfin tuntun náà kò padà lọ mú àwọn tó ti bọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ wọ́n láì rí téèpù sójú. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú òfin náà lójú mi. Ohun tí mo bínú sí ni pé páálí àwo náà kò sọ ibi tí wọ́n ti mú un rárá.

Èyí ló jẹ́ kí n máa yin àwọn tó ń sọ ọ́. Àwo mẹ́ta ló wà nínú páálí láti ara Tone Poet, ìpín tí Blue Note bẹ̀rẹ̀ ní 2019 lábẹ́ àbójútó Joe Harley. Orúkọ Kevin Gray tó gé wọn láti inú téèpù wà níbẹ̀ kedere. Ẹni tó bá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ti gbà kí a bi òun.

Ọ̀la àtúntẹ̀ wá di ohun tí kì í jẹ́ kí n sùn. Ọjà rẹ̀ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ní Amẹ́ríkà ní 2022, àwo ike tí wọ́n tà tó mílíọ̀nù 41, CD sì jẹ́ mílíọ̀nù 33, ìgbà àkọ́kọ́ tí àwo máa ṣáájú láti 1987. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ohun tí wọ́n ń ti ara rẹ̀ mú un ń dín kù. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2008, iná jó ilé ìkó-téèpù-sí kan nínú ọgbà Universal ní Hollywood, 2019 ni aráyé tó mọ bí òfò náà ṣe pọ̀ tó. Ní oṣù Kejì 2020, iná jó Apollo Masters ní Banning, California, ọ̀kan nínú ilé-iṣẹ́ méjì péré tó ń ṣe àwo lákà fún gbogbo ayé. Èkejì wà ní Jàpáánù. Téèpù tí iná kò jó náà ń darúgbó: ti àwọn ọdún 1950 máa ń rùn bíi ọtí kíkan bí ó bá ti ń bàjẹ́.

Àmọ́ ẹ wo ti John Coltrane, afọnfèrè jáàsì. Àwo kan tó gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1963 ni wọ́n sọ téèpù gidi rẹ̀ nù. Ó ti mú ẹ̀dà kan lọ sílé lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹbí Naima, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, ló tọ́jú rẹ̀, òun ni wọ́n fi gbé àwo náà jáde ní 2018. Michael Cuscuna, olùgbé-orin-jáde tó kú ní 2024, náà wọ yàrá téèpù Blue Note ní 1975, ó sì bá ọ̀pọ̀ orin tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ rí níbẹ̀. Kí téèpù má bàa sọnù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó mọ̀ pé ó wà. Bí ó bá sì sọnù, àkọ́tẹ̀ tó mọ́ lọ́wọ́ olùkójọ ni wọ́n máa ti ara rẹ̀ gba ohùn. Mo kábàámọ̀ àwo kẹta yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí mo parí, àkọ́tẹ̀ 8 ló jáde, àtúntẹ̀ 38. Nínú 38 yẹn, mo mọ ibi tí wọ́n ti mú 21. Mo ya fọ́tò ibi dídán gbogbo wọn, mo sì fi èyí tí kò sí níbẹ̀ sórí Discogs, ìkànnì tí àwọn olùkó-àwo-jọ ń kọ àwo sí. Mo wá pe ẹ̀gbọ́n.

"Àkọ́tẹ̀ mélòó lo rí?"

"Mẹ́jọ, sà. Ṣùgbọ́n 17 ni mi ò mọ orísun wọn."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Àwọn 17 yẹn ni kó o máa bá lọ."

Mo ti kọ lẹ́tà sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ wọ́n, ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn. Méjì ti dáhùn títí di òní. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ 15 tó kù sínú ìwé.