Bí ẹ ṣe lè wo fíìmù ogun kó má baà tàn yín jẹ

Ẹ wo fíìmù ogun lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó gbé yín lọ, tẹ́kún bá ń gbọ̀n yín ẹ sun ún, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ìkejì yẹn ni kẹ́ẹ pa ohùn ẹ̀ pátápátá, kẹ́ẹ máa fojú nìkan wò ó. Ó máa yà yín lẹ́nu, torí orin yẹn ló ti ń sọ fún yín látìbẹ̀rẹ̀ pé ikú sójà tibí ni kó dùn yín, ti tọ̀hún ò tó nǹkan. Tórin bá ti kúrò, ọmọ ọlọ́mọ làwọn méjèèjì, bákan náà ni wọ́n ń ṣubú.

Ẹ wá bi ara yín pé, ẹni tó gbé kámẹ́rà yìí, ibo ló dúró sí? Ní 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, làwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé fíìmù kan jáde, The Battle of the Somme, nípa ogun tí wọ́n ń jà ní Somme nílẹ̀ Faransé, ogun yẹn gan-an ò tíì parí táwọn èèyàn fi ń wò ó ní sinimá. Ibì kan wà níbẹ̀ táwọn sójà ń gùn jáde nínú kòtò, ọ̀kan ṣubú padà, ó rọra yọ̀ wálẹ̀ lára ògiri kòtò, kò dìde mọ́. Wọ́n ṣeré ibẹ̀ ni o! Kì í ṣe ojú ogun. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà dúró gbagidi báyẹn níwájú ìbọn gidi, òun náà ò ní pẹ́ lọ. Ohun tó jẹ́ kó ṣòroó mọ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù ọ̀hún jẹ́ òótọ́, àwọn tó fara gbọgbẹ́ àtàwọn òkú tí wọ́n ń sin, gidi ni wọ́n.

Bọ́ǹbù gan-an ń parọ́. Nínú fíìmù, bó ṣe ń tanná lẹ ń gbọ́ gbàù, bẹ́ẹ̀ téèyàn bá wà ní kìlómítà kan síbẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3 ló máa kọjá kó tó gbọ́ ọ.

Ẹ ka orúkọ tó ń gòkè níparí náà, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ẹni tó yá wọn nǹkan ìjà. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ológun máa ń yá àwọn onífíìmù ní ọkọ̀ òfúrufú àti ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ ka ìwé eré náà, èyí tí wọn ò bá fẹ́ níbẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n yọ ọ́. Nígbà tí wọn ò ran Apocalypse Now (1979), fíìmù kan nípa ogun Vietnam, lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ àwọn ológun Philippines ni dírẹ́kítọ̀ ẹ̀ ti lọ yá hẹlikópítà, àwọn ológun yẹn á sì tún pe hẹlikópítà náà kúrò láàárín iṣẹ́ pé kó lọ bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ jà. Ẹ rò ó wò ná, hẹlikópítà tó ń ṣeré níbí ló ń lọ jagun gidi níbòmíì.

Tó bá jẹ́ àwòrán lẹ ń wò, ohun tí kò sí níbẹ̀ ni kẹ́ẹ wá. Bọ́ǹbù ló ba ìlú Guernica nílẹ̀ Sípéènì jẹ́ ní 1937, síbẹ̀ ẹ ò ní rí ọkọ̀ òfúrufú kankan nínú àwòrán tí ayàwòrán tó ń jẹ́ Picasso fi orúkọ ìlú náà pè. Ìyá kan ló wà lápá òsì, ó gbé òkú ọmọ ẹ̀ dání, ó gbójú sókè, ó ń ké. Sójà kan ṣoṣo tẹ́ẹ máa rí, ó ti nà sílẹ̀, idà ọwọ́ ẹ̀ ti kán, òdòdó kékeré kan ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo fẹ́ràn àwòrán yìí ju ọ̀pọ̀ fíìmù lọ, torí ìyá yẹn ló gbé síwájú wa, kì í ṣe ẹni tó ju bọ́ǹbù.

Kẹ́ẹ tó pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ mú bírò. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó kú nínú fíìmù yẹn sílẹ̀, kẹ́ẹ wá ka iye àwọn tó kú tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ wọn. Ẹ tún yí i padà síbi táwọn yẹn ti ṣubú, ẹ wo ojú wọn.