Kúbà ló da ESTA mi rú: ohun tí mo ṣe kí n tó dé Ọ̀yọ́túnjí

Ó lé ní £330 tí mo san lórí owó tí mo ti ṣètò sílẹ̀ fún ìrìn àjò láti Lọ́ńdọ̀nù sí South Carolina. Gbogbo rẹ̀ kò ju nítorí ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo lò ní Matanzas, nílẹ̀ Kúbà, lọ́dún 2022. Ojú ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa olórìṣà tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tọ̀: Matanzas ni wọ́n ti gbé òrìṣà ka Ọba Adefunmi Kìíní, ọmọ Amẹ́ríkà, lórí lọ́dún 1959, òun ló sì tẹ abúlé olórìṣà Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina lọ́dún 1970. Ẹni tó bá fẹ́ fojú kan ibi méjèèjì, kó má gbójú lé ESTA, àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọ Amẹ́ríkà láìgba físà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Láti ọdún 1988 ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń wọ Amẹ́ríkà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Láti oṣù Kìíní 2009 ló sì ti di dandan kí a gba ESTA lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí a tó wọkọ̀. Nígbà tó di ìparí ọdún 2015, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan pé ẹni tó bá ti dé àwọn orílẹ̀-èdè kan pàtó kò lè lo àǹfààní yìí mọ́, ohun yòówù kí pásípọ́ọ̀tì rẹ̀ jẹ́. Iran, Iraq, Syria àti Sudan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kúbà bọ́ sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sára àwọn ìjọba tó ń ti àwọn afẹ̀míṣòfò lẹ́yìn, ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2021. Bí ẹ bá ti tẹ ilẹ̀ Kúbà láti ọjọ́ yẹn, ì báà jẹ́ wákàtí díẹ̀ péré, ẹ ti kúrò lára àwọn tí ESTA wà fún.

Ọjọ́ mẹ́fà péré ló tàn mí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní 2025, Ààrẹ Biden kéde pé wọ́n máa yọ Kúbà kúrò lára àwọn tí mo sọ yẹn. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ní ogúnjọ́, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Trump gan-an, ó fọwọ́ rọ́ ìkéde náà sẹ́yìn. Nígbà tí mo jókòó ti fọ́ọ̀mù ESTA ní ọjọ́ kejì, ìbéèrè náà ṣì wà níbẹ̀: ṣé o ti dé Kúbà láti ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2021? Mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn wọn ni «Travel Not Authorized». $4 ni wọ́n yọ nínú $21, torí owó iṣẹ́ fọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá kọ̀.

Àwọn kan gbà mí níyànjú pé kí n kọ bẹ́ẹ̀ kọ́, torí orí káàdì arìnrìn àjò tó wà lọ́tọ̀ ni wọ́n ti máa ń lu òǹtẹ̀ ní Kúbà nígbà tí mo lọ. Ẹ má dán an wò. Irọ́ nínú fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú Amẹ́ríkà lè lé èèyàn kúrò níbẹ̀ títí ayé, bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n kọ ESTA fún kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Físà ni wọ́n ní kó lọ gbà. Pásípọ́ọ̀tì tuntun náà kò pa á rẹ́, torí ẹ̀yin ni wọ́n ń bi, kì í ṣe ìwé yín.

Físà B1/B2, ti àlejò, ni mo wá dojú kọ. Fọ́ọ̀mù DS-160 ni ẹ máa kọ́kọ́ kún, mo sì dá kún tèmi láìsan kọ́bọ̀ fún ejẹ́ǹtì kankan. Ẹ kọ nọ́mbà fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ó máa ti ara rẹ̀ pa. Wọ́n máa béèrè orílẹ̀-èdè tí ẹ dé láàárín ọdún márùn-ún, àti orúkọ tí ẹ ń jẹ́ lórí Facebook àti àwọn bíi tirẹ̀ ní iye ọdún kan náà. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tì tí wọ́n ń yà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 35 sí 45 mílímítà, kò bá tiwọn mu. Onígun mẹ́rin tó dọ́gba ni tiwọn, íńṣì méjì sí méjì. Ẹ bọ́ awò ojú, ẹ bọ́ fìlà. £12 ni mo fi ya òmíràn. Owó físà jẹ́ $185, nǹkan bí £150 nígbà náà, wọn kì í sì í dá a padà.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Lẹ́yìn tí mo ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, tí mo ti mú ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo rí i pé n kò kọ pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà mi síbi tí wọ́n ti béèrè orílẹ̀-èdè kejì. Èèyàn kò lè tún DS-160 tó ti fi ránṣẹ́ kọ. Ńṣe lẹ máa ṣí tuntun, tí ẹ máa kó ohun tó wà nínú ti àtijọ́ sínú rẹ̀, tí ẹ máa wá ṣàtúnṣe. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti sọ òtítọ́ délẹ̀.

Ọjọ́ 61 ni mo fi dúró de ọjọ́ náà. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ṣáájú àkókò. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gba ìwé DS-160 mi, ó fi ẹ̀rọ kàn án, ó wo tábúlẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀, ó tún fi ẹ̀rọ kàn án. Nọ́mbà orí ìwé mi kò bá èyí tí wọ́n fi mú ọjọ́ mu. Mo fa ìwé àkọ́kọ́ yọ látinú fáìlì. AA ni nọ́mbà méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀, ojú mi kan náà ló wà lórí ìwé méjèèjì, orúkọ kan, ọjọ́ ìbí kan. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nọ́mbà nìkan ló yàtọ̀. Ó ní kí n lọ mú ọjọ́ mìíràn.

Ohun tí mo ìbá ti ṣe kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ní gbàrà tí ẹ bá ní DS-160 tuntun, ẹ padà sínú àkáǹtì tí ẹ fi mú ọjọ́, ẹ pa nọ́mbà àtijọ́ rẹ́, ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ sì tún ìwé ìdánilójú tẹ̀ jáde. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi, inú sì ń bí mi di òní, torí ọ̀sẹ̀ márùn-ún mìíràn ni mo tún fi dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì padà, £85 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò sọ pé kí n tún san $185, torí owó náà ṣì wúlò fún ọdún kan láti ọjọ́ tí èèyàn bá san án.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fúnra rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kí lo lọ ṣe ní Kúbà? Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Níbo lo ń lọ ní Amẹ́ríkà? Mo sọ ọ́. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fún mi. Bí èmi àti ESTA ṣe parí nìyẹn, inú mi sì dùn sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń yí o. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2025, ESTA kúrò ní $21, ó di $40. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n gbé àbá jáde pé kí ẹni tó ń gba ESTA máa kọ orúkọ tó ń jẹ́ lórí Facebook àti àwọn bíi tirẹ̀ fún ọdún márùn-ún sẹ́yìn ní túláàsì; bó bá wù yín lẹ ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Òfin oṣù Keje 2025 tún gbà pé kí wọ́n fi $250 kún owó físà. Fún ìdí èyí, ẹni tó ti lọ sí Kúbà, kó tètè wá físà rẹ̀, kó má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì títí yóò fi rí i lẹ̀ mọ́ inú pásípọ́ọ̀tì. Ìlérí olóṣèlú kì í ṣe físà. Ẹ wo Romania: oṣù Kìíní 2025 ni wọ́n gbà wọ́n wọlé sínú ètò àìgba físà yìí, nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún wọ́n ti yọ wọ́n, láì tíì jẹ́ kí ẹnì kan lò ó.

Àwọn ẹbí yín tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ wá sí ìnáwó ní Lọ́ńdọ̀nù náà ti ní tiwọn: ETA, àṣẹ ìwọ̀lú orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ fún wọn ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 2025 ní £10, tó sì di £16 ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Ọdún méjì ló ń lò, wọn kò sì ní bi wọ́n léèrè Kúbà.